Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Òsì Tí N Kò Fá

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 4 oṣù kejì

Mo fi abẹ ṣe ẹ̀gbọ́n mi léṣe lónìí. Ọdún kọkànlélọ́gbọ̀n rèé tí mo ti ń fá irùngbọ̀n rẹ̀ láràárọ̀ Àbámẹ́ta, òun ni oníbàárà àkọ́kọ́ tó ń jókòó sórí àga mi, n kò sì ta ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ rí. Kókó kékeré kan wà lábẹ́ àgbọ̀n rẹ̀ lápá òsì. Bí mo bá di ojú mi, mo lè fá ibẹ̀ kọjá láìkàn án.

Rédíò ló fà á. Ẹ̀gbọ́n pẹ́ dé, àwọn mẹ́ta ti wà lórí bẹ́ńṣì. Mo ti parí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún, mo ti fi ọṣẹ kun ti òsì, ni wọ́n bá gbé ohùn olùdíje ẹgbẹ́ òṣèlú Àkàbà sáfẹ́fẹ́, ọkùnrin tí Ẹ̀gbọ́n ń fi orúkọ rẹ̀ búra. Ọkùnrin náà fẹ́ ka iye ilé-ìwé tó máa kọ́. Ó kà á lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ̀ẹ̀mẹta náà ló ṣì í. Alágbàfọ̀ tó wà ní ṣọ́ọ̀bù kejì sí tèmi bú sẹ́rìn-ín, ó ní ẹni tí kò mọ òǹkà fẹ́ di àkàbà mú. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ẹgbẹ́ Fìtílà lèmi, gbogbo àdúgbò ló mọ̀. Ẹ̀gbọ́n yí ọrùn lójijì láti dá wa lóhùn, abẹ sì wà níbẹ̀.

Ẹ̀jẹ̀ náà kò ju ẹ̀kán méjì lọ. Ó fọwọ́ kàn án, ó wo ìka rẹ̀, ó wo àwọn tó wà lórí bẹ́ńṣì, ó wá wò mí.

"O mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin lẹ yí ọrùn."

"Nítorí ìbò. Ìwọ tí mo fọwọ́ ara mi tọ́. Nítorí ìbò, o fẹ́ dúńbú mi."

Ó dìde, ó sì jáde. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún ti dán, ti òsì kún fún irun àti ọṣẹ, tówẹ̀lì mi funfun elétí búlúù ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́.

Ọjọ́ Àìkú, 5

N kò sùn. Ooru mú. Àyà mi ń lù kìkì títí ilẹ̀ fi mọ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7

Ọwọ́ ọ̀tún mi ń gbọ̀n. Ó bẹ̀rẹ̀ nígbà tí mo fẹ́ pọ́n abẹ. Mo rò pé ebi ni, mo jẹun, ó ṣì ń gbọ̀n. Mo sọ fún oníbàárà pé abẹ kú, mo fi ẹ̀rọ gẹ irun rẹ̀. Irọ́ ni. Abẹ mi kì í kú.

Rédíò wà ní títàn látàárọ̀ títí wọ́n fi wí pé ó dàárọ̀. Mo mọ̀ pé ohun tí wọ́n sọ ní aago mẹ́jọ náà ni wọ́n máa tún sọ ní aago mẹ́sàn-án, síbẹ̀ n kò lè pa á. Bí mo bá pa á, ó máa ń ṣe mí bíi pé nǹkan burúkú kan máa ṣẹlẹ̀ tí n kò ní gbọ́.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 11

Mo tètè ṣílẹ̀kùn. Mo gbé omi kaná, mo na aṣọ sórí àga. Mo dúró títí di aago mẹ́sàn-án kí n tó jẹ́ kí ẹlòmíràn jókòó. Ẹ̀gbọ́n kò wá.

Nílé, ìyàwó mi gbé oúnjẹ síwájú mi, ó sì jókòó tì mí.

"Ẹ lọ bẹ̀ wọ́n."

"Mo ṣẹ̀ wọ́n ni?"

"Mi ò ní ẹ ṣẹ̀ wọ́n. Mo ní ẹ lọ bẹ̀ wọ́n. Ta ló ń bi àbúrò bóyá ó jẹ̀bi kó tó dọ̀bálẹ̀?"

Mo sọ fún un pé ojú àwọn èèyàn ló ti pè mí ní apànìyàn. Onígbàjámọ̀ tí wọ́n bá pè bẹ́ẹ̀, kí ló kù fún un? Ó ní ó dáa, kí n jókòó ti abẹ mi, bóyá abẹ máa pè mí ní àbúrò.

Ẹ̀gbọ́n ló ra abẹ náà fún mi, àti àga. Owó oṣù rẹ̀ àkọ́kọ́ ní ilé ìfìwéránṣẹ́ ni. Bàbá wa ti kú, n kò tíì pé ọmọ ogún ọdún. Ó jókòó sórí àga náà lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e dé, ó gbé àgbọ̀n rẹ̀ sókè, ó ní, "Ó yá, kọ́ṣẹ́ lára mi."

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 14

Mo lọ sí ilé ìwòsàn kékeré tó wà lẹ́yìn ilé-ìwé. Nọ́ọ̀sì di nǹkan mọ́ mi lápá, ó wo òǹkà, ó tún un wò. Ẹ̀jẹ̀ ríru. Ó bi mí ohun tí mò ń rò.

Mo ní, "Ìbò."

Ó mí kanlẹ̀. "Baba, ẹ̀yin lẹ ṣìkẹwàá láàárọ̀ yìí." Ó ní kí n máa lo oògùn, kí n máa rìn nírọ̀lẹ́, kí n máa gbọ́ ìròyìn lẹ́ẹ̀kan péré lójúmọ́, kí n sì máa kọ ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn sílẹ̀. Mo ní mo ti ń kọ ọ́. Ó ní kí n wá pa rédíò.

Mo pa rédíò ní aago mẹ́wàá. Mo tàn án ní aago mẹ́wàá kọjá ogún ìṣẹ́jú.

Ọjọ́bọ̀, 16

Àwọn oníbàárà kì í gbé àgbọ̀n sókè mọ́. Ó ti tó ọjọ́ mélòó kan tí mo ti ń wò ó. Tẹ́lẹ̀, bí mo bá ti fọwọ́ kan èèyàn létí báyìí, á fi orí tì sẹ́yìn, á gbé ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ fún mi, á sì máa sọ̀rọ̀ ìyàwó rẹ̀ lọ. Ní báyìí wọ́n ń di ọrùn mú. Wọ́n ń wo ọwọ́ mi nínú dígí. Ọkùnrin kan dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó béèrè ẹgbẹ́ tí mo wà kó tó jókòó. Mo ní ẹgbẹ́ onígbàjámọ̀. Kò rẹ́rìn-ín. Ó sọdá sí ọ̀dọ̀ onígbàjámọ̀ tó wà lódìkejì títì, ẹni tó lẹ àwòrán àkàbà mọ́ ilẹ̀kùn.

Ọjọ́ Ajé, 20

Mo kọ ọ́ sórí páálí, mo sì gbé e kọ́ lókè dígí: A KÌ Í SỌ̀RỌ̀ ÒṢÈLÚ NÍBÍ.

Alágbàfọ̀ kà á sókè ketekete. Ó ní, "Kí la wá fẹ́ máa sọ? Òjò?"

Òjò kò tíì rọ̀, nítorí náà a kò rí nǹkan kan sọ. Gbogbo ọjọ́ ni ṣọ́ọ̀bù dákẹ́ bí iyàrá ìdánwò. Ìdákẹ́jẹ́ náà tún wá burú ju ariwo lọ, torí mò ń gbọ́ bí abẹ ṣe ń gbọ̀n tó ń kan etí àwo.

Ọjọ́ Ẹtì, 24

Mo rí Ẹ̀gbọ́n! Níwájú ilé olóògùn ni. Ó ń jáde, èmi ń lọ síbẹ̀, títì kan ṣoṣo ló wà láàárín wa. Ó ti rù. Irùngbọ̀n rẹ̀ ti hù, ó funfun ju bí mo ṣe rò lọ.

Inú mi kọ́kọ́ dùn. Kò tíì gbé ọrùn rẹ̀ fún onígbàjámọ̀ òdìkejì. Mo ṣáà ń wò ó. Irùngbọ̀n náà kò dọ́gba, ti òsì fi díẹ̀ gùn ju ti ọ̀tún lọ. Ojú onígbàjámọ̀ nìkan ló lè rí i. Ó rí mi, ó dúró díẹ̀, ó ṣe bí ẹni tó fẹ́ sọdá. Mọ́tò kan kọjá. Nígbà tó kọjá tán, ó ti yẹra.

Mo sọ fún Alágbàfọ̀. Ó ní ṣé n kò gbọ́ ni? Ó ní gbogbo èèyàn ló mọ̀ pé Ẹ̀gbọ́n ti jẹ́jẹ̀ẹ́, pé abẹ kò ní kan òun lójú mọ́ títí Àkàbà á fi wọlé.

Ẹ̀jẹ́ nìyẹn, nítorí olóṣèlú tí kò mọ orúkọ rẹ̀. Inú bí mi dé góńgó ẹ̀mí. Èmi ń ṣàìsàn nítorí rẹ̀, òun ń fi irùngbọ̀n ṣe ìpolongo.

Ọjọ́bọ̀, 2 oṣù kẹta

Páálí abẹ ti fi ìdajì gbówó lórí láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ọṣẹ pẹ̀lú. Eruku. Oníbàárà márùn-ún ní gbogbo ọjọ́.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 4

Oṣù kan gééré. Mo ṣì gbé omi kaná, ó sì tutù síbẹ̀.

Ìyàwó mi bá mi níbi tí mo gbé rédíò sórí itan, ó gbà á lọ́wọ́ mi jẹ́jẹ́ bí ẹni gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ ọmọdé. Ó ní, "Bí a bá ń jà, bí i ká kú kọ́." Ó ní bí Ẹ̀gbọ́n ti jẹ́ ẹ̀gbọ́n náà nìyẹn, pé àwọn olóṣèlú yìí máa bára wọn jẹun lọ́jọ́ kejì ìbò. Mo ní tí ìbò bá ti kọjá, màá lọ. Mo búra fún un.

Ọjọ́rú, 8

Mo dìbò. Ìlà gùn títí dé ibi kànga ilé-ìwé, oòrùn ń ta síni lórí. Ẹ̀gbọ́n wà níwájú mi, ó tó ogún èèyàn tó wà láàárín wa. Mo mọ ẹ̀yìn orí rẹ̀, mo mọ ibi tí irun ti ń yí po lẹ́yìn etí. Kò bojú wẹ̀yìn.

Màá kọ ohun tó kù síbí, n kò sì ní sọ fún ẹnikẹ́ni. Nígbà tí mo dé ẹ̀yìn aṣọ tí wọ́n fi bo ibi ìdìbò, tí mo rẹ ìka sínú yíǹkì, ọwọ́ mi gbọ̀n. Mo fi ọwọ́ òsì di ọwọ́ ọ̀tún mú, ó ṣì gbọ̀n. Ìka mi bọ́ sí àárín àwòrán méjèèjì, ààbọ̀ lórí fìtílà, ààbọ̀ lórí àkàbà. Mo dúró, mò ń wò ó. Obìnrin tó ń ṣètò ìlà ní, "Baba, ẹ ṣe tán?" Mo ká ìwé ìbò náà, mo jù ú sínú àpótí.

Ìbò òfo. Gbogbo àìsùn yẹn, gbogbo oògùn yẹn, ọrùn ẹ̀gbọ́n mi, orí ìbò òfo ló já sí.

Ọjọ́ Ẹtì, 10

Fìtílà wọlé. Láti aago mẹ́ta ni wọ́n ti ń fọn fèrè mọ́tò. Àwọn kan gbé mi sókè lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ní Baba, tiwa ti dé. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n sọ̀ mí kalẹ̀. Mo wọlé, mo ti ilẹ̀kùn, mo jókòó sórí àga oníbàárà, mo sunkún. N kò mọ ohun tí mò ń sunkún sí. Kì í ṣe ayọ̀.

Ìyàwó mi ní, "Ìbò ti kọjá."

Mo ní bí mo bá lọ lónìí, wọ́n á ní mo wá fi wọ́n ṣẹ̀sín. Kí n jẹ́ kó rọlẹ̀.

"Ẹ ti búra fún mi," ó ní.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 18

Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀ lánàá, ilẹ̀ tútù. Mo sọ fún ara mi pé òní ló máa jẹ́. Mo di abẹ, ọṣẹ àti búrọ́ọ̀ṣì sínú àpò, mo gba ọ̀nà ilé Ẹ̀gbọ́n. Ohun tí mo fẹ́ sọ ni mò ń kọ́ lẹ́nu. Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Ẹ̀gbọ́n, mo wá parí iṣẹ́ mi.

Mo dé ìkóríta. Mo rí i láti òkèèrè, ó jókòó síwájú ilé lórí àga, ó kọjú sí ọ̀nà. Nǹkan funfun kan wà lọ́rùn rẹ̀. Mo rò pé òtútù ló mú un. Mo ti gbé ẹsẹ̀ kan lé òpópónà náà nígbà tí orin dún lẹ́yìn mi. Àwọn Fìtílà ló ń yí àdúgbò ká, wọ́n ń kọrin èébú sí àwọn tó fìdí rẹmi. Ọ̀nà kan náà ni wọ́n ń gbà. Bí mo bá tẹ̀ síwájú, èmi ló máa dà bí ẹni tó ṣíwájú wọn wá. Ẹ̀gbọ́n á rí mi níwájú orin yẹn.

Mo padà. Mo ní ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 21

Alágbàfọ̀ ló mú ìròyìn wá, ọṣẹ ṣì wà lápá rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ṣubú nílé ìwẹ̀. Rọpárọsẹ̀ ni. Wọ́n ti gbé e lọ sí ọsibítù ńlá. Oníbàárà wà lórí àga mi, mo fá a dé àárín. N kò mọ bí ó ṣe délé.

Ọjọ́rú, 22

Mo lọ sí ọsibítù. Apá òsì Ẹ̀gbọ́n ti lọ pátá, ojú àti ọwọ́ àti ẹsẹ̀. Kò lè sọ̀rọ̀. Ojú rẹ̀ là, ó sì ń tẹ̀ lé èèyàn. N kò lè dúró níbi tó ti ń wò mí. Mo jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ìyàwó rẹ̀ sì tẹ̀ lé mi.

"Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́," ó ní. Orúkọ tó sọ mí nìyẹn láti ọjọ́ tó ti wọ ilé wa, n kò sì tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́. "Kí ló dé tí ẹ ò wá?"

Mo ní mo gbọ́ nípa ẹ̀jẹ́ náà, pé wọn kò ní fárùngbọ̀n títí Àkàbà á fi wọlé.

"Ẹ̀jẹ́ wo?" Ó ń wò mí bí ẹni pé èmi ni mo ń ṣàìsàn. "Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún yín? Gbogbo Àbámẹ́ta ni wọ́n ń jí wẹ̀, tí wọ́n ń gbé àga síta, tí wọ́n ń ta tówẹ̀lì yín mọ́rùn. Èmi ni mò ń fọ̀ ọ́ lọ́jọ́ Ẹtì. Mo ní kí n pe onígbàjámọ̀ mìíràn wá, wọ́n ní ta làwọn fẹ́ gbé ọrùn fún. Wọ́n ní, 'Inú ló ń bí i. Ó ń bọ̀ wá parí iṣẹ́ rẹ̀.' Wọ́n á jókòó títí oòrùn á fi wọra. Àbámẹ́ta mẹ́fà, Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́."

Ti ọjọ́ kejìdínlógún nìkẹfà. Mo rí i. Mo rí tówẹ̀lì náà pẹ̀lú ojú mi méjèèjì, mo pè é ní òtútù. Mo rí irùngbọ̀n tí kò dọ́gba, èmi onígbàjámọ̀, n kò bi ara mi pé ta ni ẹni tó jẹ́jẹ̀ẹ́ tí kò kọ́kọ́ fá ẹ̀rẹ̀kẹ́ kejì kó dọ́gba. Ọ̀rọ̀ Alágbàfọ̀ ni mo gbà. Ó rọrùn fún mi láti gbà á.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 25

Mo dé ọsibítù ní aago méje. Ìyàwó rẹ̀ ti bá nọ́ọ̀sì sọ̀rọ̀. Ó gbé omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ wá, ó sì fa tówẹ̀lì elétí búlúù jáde nínú àpò rẹ̀.

Mo sọ fún un. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú." Gbogbo ohun tí mo ti kọ́ lẹ́nu ti sá. Mo tún un sọ, ẹ má bínú, ẹ má bínú. Ojú ọ̀tún rẹ̀ ń ṣomi, ti òsì kàn là sílẹ̀ ni. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n débi pé ọṣẹ ń ta sára ìrọ̀rí. Mo fá ọ̀tún. Ó gbà mí ní àkókò, mò ń fá, mò ń dúró. Nígbà tí mo dé òsì, mo gbé abẹ sílẹ̀. Mo wo kókó yẹn nínú irun. Mo ní, "Mi ò lè ṣe é. Ọwọ́ mi ò dúró. Màá tún ṣe yín léṣe."

Ó gbé àgbọ̀n rẹ̀ sókè.

Díẹ̀ ni. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n kò ní rí i. Ó fi orí tì sẹ́yìn lórí ìrọ̀rí, ó gbé ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ fún mi, ó sì di ojú tó lè dì.

Mo fá a. Mo gba ẹ̀gbẹ́ kókó náà kọjá. Àpá kékeré kan wà nísàlẹ̀ rẹ̀, kò ju ẹyọ ìrẹsì lọ. Mo nu ojú rẹ̀, mo sì parí iṣẹ́ mi.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 28

Ẹ̀gbọ́n kú láàárọ̀ yìí.

Ọjọ́ Àìkú, 2 oṣù kẹrin

N kò gbọ́ rédíò láti ọjọ́ márùn-ún. Kò sí nǹkan burúkú tó ṣẹlẹ̀ tí n kò gbọ́. Èyí tó ṣẹlẹ̀, inú rédíò kọ́ ló ti ṣẹlẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8

Mo ṣílẹ̀kùn ní aago méje, mo gbé omi kaná. N kò mọ ẹni tí mo gbé e kaná fún.

Alágbàfọ̀ sáré wọlé. Ilé ẹjọ́ ti fagi lé ìbò. Wọ́n ní ìbò òfo ti pọ̀ jù, wọ́n ní àṣìṣe wà nínú ìwé ìbò, a óò tún un dì lóṣù kẹfà. Ó ń bínú, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń da itọ́. Ó ní kí n fá òun kíákíá, òun ń lọ sípàdé.

Ó jókòó sórí àga. Mo fi ọṣẹ kùn ún, mo mú abẹ. Ọwọ́ mi kò gbọ̀n. Kò tilẹ̀ gbọ̀n rárá, ó dúró gbọn-in bí ti ọjọ́un.

Ó wò mí nínú dígí. "Ta la máa dìbò fún báyìí?"

Mo ní kó má sọ̀rọ̀. Mo ní abẹ wà lọ́rùn rẹ̀.